Ẹ̀rù Òkúta Máa Ń Ṣáájú Òkúta

Chris Froome kò fi táyà kan òkúta kankan ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2014. Òun ló gbégbá orókè nínú Tour de France lọ́dún tó ṣáájú, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò pé yóò tún un ṣe. Ìrìn ọjọ́ náà gbéra láti Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó ń lọ sí Arenberg ní àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn títì olókùúta wà. Òjò ń rọ̀. Froome ti ṣubú lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti fi ọwọ́ ṣèṣe. Lójú títì ọlọ́dà tó tẹ́jú dáadáa, ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èkejì, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ ikọ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó tìlẹ̀kùn. Òkúta àkọ́kọ́ ṣì wà níwájú.

Títí di òní ni wọ́n ń sọ pé òkúta ló dá Froome padà sílé lọ́dún náà, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òkúta ń ṣe fún àwọn tó ń lépa Tour, ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á ro àkókò ojoojúmọ́ pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù lọ ló ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ gbà á kò nílò kó borí lọ́jọ́ òkúta. Kó ṣáà má pàdánù ni. Ohun kan náà yìí sì ni gbogbo wọn ń rò nígbà tó bá ku kìlómítà ogún tí wọn yóò fi yà kúrò lójú ọ̀dà.

Títì olókùúta kì í fẹ̀. Ọ̀nà oko ni. Ẹni mẹ́ta lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ibi tó dáa lójú rẹ̀ lè má gbà ju ẹyọ ẹnì kan lọ. Àwọn tó ń bọ̀ sì lé ní àádọ́jọ. Ẹni tó bá wọlé ní ipò ogójì kò ní í rí ohun tó ń lọ níwájú. Bí ẹni tó wà ní ipò kẹwàá bá ṣubú, ogójì yóò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, yóò dúró, àwọn mẹ́sàn-án tó ti kọjá yóò sì máa lọ ní tiwọn. Gbogbo ikọ̀ ló mọ èyí, nítorí náà gbogbo wọn ló fẹ́ gbé ọ̀gá wọn síwájú ní ìṣẹ́jú kan náà, iwájú kò sì gba gbogbo wọn. Eré wá pọ̀ sí i, ìgbúnwọ́ ń kan ìgbúnwọ́, táyà iwájú ti ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha táyà ẹ̀yìn ti ẹlòmíràn. Àwọn tó ti gùn ún sọ pé eré tí wọ́n ń sá kí wọ́n tó wọ òkúta le ju inú òkúta fúnra rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún Iban Mayo, ọmọ Basque tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù lórí òkè. Lọ́dún 2004, lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí Wasquehal, ó ṣubú kí wọ́n tó dé ibi òkúta, ó sì pàdánù bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tour kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Lọ́dún 2018, abala òkúta 15 ni wọ́n tò sí ọ̀nà tó lọ láti Arras dé Roubaix. Richie Porte, ọmọ Ọsirélíà, kò rí ìkankan nínú wọn. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá péré ni wọ́n tíì gùn nígbà tó bá àwọn mìíràn ṣubú, eegun èjìká rẹ̀ dá, ó sì ń lọ sílé. Ọ̀gá mẹ́ta, ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí òkúta fọwọ́ kàn nínú wọn.

Òkúta náà wà ṣá. Ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sí oko pòtétò àti oko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ni. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n tò sí i lẹ́yọ lẹ́yọ láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa ẹrù. Nígbà tí katakata dé, táyà rẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlẹ̀, àárín wá ga sókè. Lórí àárín yẹn ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gùn, nítorí pé omi kì í dúró síbẹ̀, òkúta ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Etí ọ̀nà náà ní iyì tirẹ̀: níbi tí erùpẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ara lè tù wọ́n fún ìwọ̀nba ìgbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni òkúta wẹ́wẹ́ tó mú ṣáṣá kó ara wọn jọ sí. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, eruku á bò wọ́n. Bí ó bá tutù, ẹrẹ̀ á bo àlàfo àárín òkúta, ojú kò ní í rí ibi tí ó yẹ kí ó sá fún.

Paris–Roubaix ló ni àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ìdíje ọlọ́jọ́ kan tó ti wà láti ọdún 1896. Tour kàn máa ń yá wọn lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n pín wọn sí abala, wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, láti ìràwọ̀ kan dé márùn-ún. Èyí tó lókìkí jù ni ti inú igbó Arenberg, tó gùn ju kìlómítà méjì lọ, tó sì nà gbọọrọ láìyà sí ibì kankan. Jean Stablinski ló júwe rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣètò ìdíje, wọ́n sì kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1968. Ọkùnrin náà mọ ibẹ̀ tinú tẹ̀yìn: ó ti wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ igbó yẹn kí ó tó di ọ̀gá agbáyé lórí kẹ̀kẹ́ lọ́dún 1962. Ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda kan tó ń jẹ́ Les Amis de Paris-Roubaix ló ń tún òkúta tó bá yẹ̀ tò, tí wọ́n sì ń la ojú àgbàrá. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n kó ewúrẹ́ wọ Arenberg kí wọ́n lè jẹ koríko tó ń hù láàárín òkúta. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn: kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi, ewúrẹ́ ló ń tún ojú ọ̀nà ṣe fún un.

Nígbà tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá wá wọ òkúta, ọwọ́ ni kí ẹ wò.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà máa ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ó fẹ́ bọ́, ara sì ń sọ fún un pé kó má jẹ́ kó lọ. Bó ṣe ń fún un mọ́lẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì náà ń gba ọwọ́ rẹ̀ wọ apá, ó ń gba apá wọ èjìká, ó ń dé ọrùn. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú rẹ̀ kò ríran tààrà mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé ọwọ́ sókè sórí irin náà, níbi tó tẹ́jú, ó sì mú un bí ẹni mú òròmọdìẹ: kò fún un pa, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń jó lábẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ dúró sójú kan. Ìdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ ìjókòó, ẹsẹ̀ ló gbé ara rù. Gíà tó wúwo ló fi ń wà á kí ṣéènì lè nà le, kí ó má baà fò kúrò lójú eyín rẹ̀. Bíréèkì, ó ti lò ó tán kí ó tó wọlé. Kì í sì í wo táyà iwájú. Ọ̀nà jíjìn ló ń wò, nítorí ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ.

Èyí tó ṣòro jù láti gbà gbọ́ ni pé eré púpọ̀ ni ààbò. Bí eré bá ga, táyà ń fò láti orí òkúta kan bọ́ sórí èkejì, kò ráyè wọ àlàfo. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn tó sì dẹwọ́, kòtò gbogbo ni yóò máa fojú ara rẹ̀ kà. Ẹ̀rù ń sọ pé kí o rọra. Òkúta ń sọ pé bí o bá rọra, màá jẹ ọ́ níyà. Àwọn tó ń lépa Tour, ara wọn fúyẹ́ nítorí òkè. Alberto Contador, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, kò ju nǹkan bíi kílò 62 lọ. Àwọn tó ń gba Paris–Roubaix láyé Tom Boonen máa ń súnmọ́ kílò 80, ìwúwo wọn sì ń tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ fún wọn. Ẹni tó fúyẹ́, òkúta ń sọ ọ́ sókè ni.

Nígbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ gun Paris–Roubaix, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Lizzie Deignan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì dá nìkan wà níwájú fún ohun tó lé ní kìlómítà 80. Ẹrẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ sọ́tùn-ún, ó yọ̀ sósì, gbogbo ara ẹni tó ń wò á ń rọ, kò sì ṣubú. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó dé Roubaix, ẹ̀jẹ̀ ti kun ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó rọ̀ kò túmọ̀ sí ọwọ́ tí kò ní í bó.

Ó yẹ ká padà sí ọjọ́ òjò ọdún 2014 wàyí. Abala mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé. Òjò mú kí wọ́n yọ méjì kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ku méje. Vincenzo Nibali ló wọ ẹ̀wù yẹ́lò, ó ti gbà á ní Sheffield lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Messina ní erékùṣù Sicily ni. Orí òkè ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti gba ti Sípéènì àti ti ilẹ̀ baba rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Vuelta àti Giro, nípa gígun òkè. Kò sẹ́ni tó fi í sínú àwọn ọmọ òkúta. Ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọn kò sì kà sí, ni sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè: bí òjò bá ń rọ̀, tí ọ̀nà ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́ lọ sísàlẹ̀, Nibali máa ń já àwọn yòókù sílẹ̀ láìfi agbára kún un. Irú ọwọ́ kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè.

Lọ́jọ́ náà, Jakob Fuglsang àti Lieuwe Westra wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ikọ̀ Astana. Westra fa wọn títí agbára rẹ̀ fi tán. Fuglsang kò kúrò níwájú ọ̀gá rẹ̀ títí wọ́n fi dé Arenberg. Lars Boom, ọmọ ilẹ̀ Holland, ló já lọ nígbà tó kù díẹ̀, tó sì borí. Fuglsang ṣe ipò kejì, Nibali ṣe ìkẹta, ìṣẹ́jú-àáyá 19 ló wà láàárín wọn àti Boom. Ẹ wo ibi tí àwọn èèyàn yìí ti wá. Boom ti di ọ̀gá agbáyé nínú gígun kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ lọ́dún 2008. Fuglsang ti di ọ̀gá agbáyé àwọn ọ̀dọ́ nínú kẹ̀kẹ́ orí àpáta lọ́dún 2007. Peter Sagan tó ṣe ipò kẹrin ti gba irú èyí náà nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ibi tí táyà ti ń yọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọwọ́. Ẹ̀yìn Sagan ni Fabian Cancellara wà, ẹni tó ti gba Paris–Roubaix lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi bí ìṣẹ́jú kan dé lẹ́yìn Boom. Nibali tó wá láti orí òkè ti kọjá lójú rẹ̀.

Contador ńkọ́? Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ló fi dé lẹ́yìn Nibali. Kò ṣubú. Ó kàn gùn ún bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan ṣe é ni, ìyẹn sì tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ náà ló fún Nibali ní Tour, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbè wọ́n lẹ́yìn: ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 ló fi ju Jean-Christophe Péraud lọ ní Paris, Contador fúnra rẹ̀ sì ti ṣẹ́ eegun ẹsẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje kẹwàá. Ohun tí òkúta ṣe ni pé láti ọjọ́ náà, Nibali kò ní ẹni tí yóò lé mọ́. Àwọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa lé e, ẹni tó sì ń lé máa ń ná agbára níbi tí ẹni iwájú ti ń sinmi.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan ọjọ́ òkúta ni pé tẹ́tẹ́ ni. Táyà jò fún ọ̀gá kan, kò jò fún èkejì, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ìdíje. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Romain Bardet ní ọdún 2018. Táyà rẹ̀ jò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Roubaix, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá péréte ló sì pàdánù sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ikọ̀ rẹ̀ ló gbé e padà, òun náà kò sì ya wèrè. Ẹni tó borí lọ́jọ́ náà, John Degenkolb ọmọ Jámánì, ọkọ̀ ti kọlù ú lọ́dún 2016 níbi tó ti ń ṣe ìgbáradì, díẹ̀ ló kù kí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ gé kúrò. Ọwọ́ yẹn ló fi gun òkúta dé Roubaix.

Yàtọ̀ sí èyí, táyà kì í ṣèèṣì jò tó bí wọ́n ṣe ń wí. Ẹni tó bá gùn ní etí ọ̀nà nítorí àárín kò gbà á, òun ni òkúta mímú ń dúró dè. Ẹni tó bá sì fún afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ ní àṣejù, kẹ̀kẹ́ yóò máa sọ ọ́ nù. Bó bá kéré jù, irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò kan òkúta, yóò sì gé táyà láti inú. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wádìí iye afẹ́fẹ́ tó tọ́ sí ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ará ìta. Táyà náà ti fẹ̀ sí i gan-an láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Apá kan iṣẹ́ náà wà tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kì í fi hàn dáadáa: ọkọ̀ ikọ̀ kò lè kọjá lára wọn lójú ọ̀nà tóóró. Bí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá bá bàjẹ́, ìrànlọ́wọ́ tó súnmọ́ ọn jù ni kẹ̀kẹ́ ọmọ ikọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ikọ̀ tó gbọ́n máa ń fi ẹni tí gíga rẹ̀ bá ti ọ̀gá mu sí tòsí rẹ̀. Tony Martin fi èyí jẹun lọ́dún 2015: táyà rẹ̀ jò lọ́nà Cambrai, Matteo Trentin bọ́ kẹ̀kẹ́ fún un, Martin gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ já lọ ní bíi kìlómítà mẹ́ta sí ibi tí wọ́n ń lọ, ó borí, ó sì gba ẹ̀wù yẹ́lò.

Lọ́dún 2022, ikọ̀ Jumbo-Visma kò rí èyí ṣe. Kẹ̀kẹ́ Jonas Vingegaard, ọmọ Dẹ́nmáàkì, daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí Arenberg. Ẹni tó wà nítòsí ni Nathan Van Hooydonck, ọkùnrin gíga fíofío. Vingegaard gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ ká a, ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé òmíràn fún un, wọ́n ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà bí àkókò ti ń lọ. Láàárín ọjọ́ kan náà, ìdì koríko gbígbẹ kan tó ti yí sójú ọ̀nà gbé Primož Roglič, ọmọ ikọ̀ kan náà, ṣubú, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Ó yá àga lọ́wọ́ ẹnì kan tó wá wòran, ó jókòó lé e, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èjìká náà padà, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì tó fi dé lẹ́yìn Tadej Pogačar, ẹni tó ń bá wọn du Tour.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wù mí jù lọ́jọ́ yẹn ni Wout van Aert, tí òun náà wà nínú ikọ̀ Vingegaard. Òun ló wọ ẹ̀wù yẹ́lò, òun náà sì ti ṣubú ṣáájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ọkọ̀ ikọ̀ mìíràn. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni, òkúta ni ilé rẹ̀. Ó lè máa lé ìṣẹ́gun ara rẹ̀ lọ. Ó dúró de Vingegaard, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gé àlàfo náà kù, títí ohun tí ì bá di ìṣẹ́jú fi di ìṣẹ́jú-àáyá 13 péré láàárín Vingegaard àti Pogačar. Van Aert kò pàdánù ẹ̀wù rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 13 kan náà ló fi ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé Paris, Vingegaard ló gba Tour.

Pogačar ní tirẹ̀ ti rí i lọ́jọ́ náà pé òkúta gba òun. Ẹ̀yìn Jasper Stuyven ló tẹ̀ lé nínú eruku, kò sì dà bí ẹni tó ń jìyà. Lọ́dún 2025, lẹ́yìn tó ti gba Tour lẹ́ẹ̀mẹta, ó forúkọ sílẹ̀ fún Paris–Roubaix fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn tó ń gba Tour kì í sábà ṣe mọ́. Bernard Hinault gbà á lọ́dún 1981, kò sì fi pa mọ́ pé òun kórìíra rẹ̀. Ní ọdún 2025 náà, Pogačar àti Mathieu van der Poel ló ku níwájú. Nígbà tó ku kìlómítà 38, Pogačar wọ kọ́nà kan pẹ̀lú eré àṣejù, ó kọjá ibi tó yẹ kó ti yà, ó bá ara rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ṣéènì rẹ̀ já kúrò lójú eyín. Van der Poel tó wà nítòsí yà ní tirẹ̀ láìsí ariwo, ó lọ, ó sì gbà á ní ọdún kẹta léraléra. Pogačar gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá, ó ṣe ipò kejì, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 18 lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gùn ún nìyẹn.